Ìwé àwọn tó fi ìgbòkun la òkun já kún yàrá mi ní Ìkòròdú, èmi ò tíì kọjá ọ̀sà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Tíṣà_Ìkòròdú

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Jíógíráfì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkòròdú níbí, mo sì ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. Láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń ka ìwé àwọn tó fi ọkọ̀ ìgbòkun kékeré la òkun já. Mo ní ìwé Joshua Slocum, ẹni àkọ́kọ́ tó dá nìkan wa ọkọ̀ yí ayé po; Boston ló ti gbéra lọ́dún 1895, ọdún 1898 ló tó parí ìrìn náà. Mo ní ti Robin Knox-Johnston, tó fi ọjọ́ 312 yí ayé po láàárín 1968 sí 1969 láìdúró ní èbúté kankan, nínú ìdíje Golden Globe ti àwọn tó ń dá nìkan wa ọkọ̀ yí ayé po. Mo ní ti Bernard Moitessier, ará Faransé tí wọ́n jọ wà nínú ìdíje yẹn, tó ti la ibi tó le jù kọjá, tí kò wá sílé wá gba ẹ̀bùn, tó kàn darí ọkọ̀ rẹ̀ gba ọ̀nà Tahiti lọ.

Àwọn ìwé yìí ti gba ògiri kan tán nínú ilé. Ìyàwó mi fẹ́ fi yàrá náà sílẹ̀ fún àwọn ìbejì wa tó ń bọ̀ láti yunifásítì. Kò bínú, ó kàn bi mí léèrè pé, "Bàbá Ìbejì, òkun yìí, ṣé ẹ ṣì ń lọ ni, àbí ẹ ò lọ mọ́?" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, n kò rí èsì fún un.

N kò wá ẹni tó máa tù mí nínú. Ohun tí mo ń béèrè ni pé, kí ni ẹni tó wà ní Ìkòròdú, tó ń gba owó oṣù tíṣà, lè ṣe sí irú èrò ọkàn yìí kí ọjọ́ tó lọ? Mo mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa. Ọkọ̀ ìgbòkun nìkan ni n kò wọ̀ rí.

Awakọ̀_Ìpakòdó

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ọkọ̀ èrò ni mo ń wà láti Ìpakòdó. Ẹ ní ẹ ò wọ ọkọ̀ ìgbòkun rí, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọjá níwájú yín. Ẹ wo àwọn tó ń wa yanrìn lórí ọ̀sà. Aṣọ ńlá alábùlẹ̀ tí wọ́n ta sókè nínú ọkọ̀ wọn, kí ni ẹ pè é? Ìgbòkun ni. Wọ́n á lọ síbi tí yanrìn wà, wọ́n á rì wọ inú omi, wọ́n á máa fi garawa bù ú láti ìsàlẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti kún, atẹ́gùn ni yóò gbé wọn dé èbúté. Kò sí owó epo níbẹ̀ rárá. Bí epo bẹntiróò ṣe wọ́n lóde òní, èmi tí mo ń wa ẹ̀ńjìnnì, ọ̀wọ̀ ni mo fi ń wò wọ́n.

Ohun tí àwọn èèyàn yìí mọ̀ nípa atẹ́gùn pọ̀. Láàárọ̀, omi máa ń pa rọ́rọ́. Bí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná, atẹ́gùn á bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìhà òkun wá, tó bá fi máa di ọ̀sán gangan ó ti le. Ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò, láti ìlà-oòrùn ló máa ń já bọ̀, kì í sì í fún èèyàn láyè pẹ́. Ẹ lọ jókòó tì wọ́n létí omi. Ẹ ra omi tútù àti búrẹ́dì dání, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń yí aṣọ yẹn nígbà tí atẹ́gùn bá ṣí kúrò lẹ́yìn wọn bọ́ sí ẹ̀gbẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má bá wọn wọ ọkọ̀ tó ti kún. Bí yanrìn bá ti wà nínú rẹ̀, etí ọkọ̀ àti omi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan. Ìgbà tí wọ́n ń lọ lófìfo ni kí ẹ bá wọn lọ, kí ọkọ̀ mìíràn sì gbé yín padà. Ọ̀sà wa kò jìn, níbi púpọ̀ kò ju mítà méjì sí mẹ́ta lọ, ìdí nìyẹn tí ìgbì rẹ̀ fi máa ń kúrú tó sì máa ń gbọn ọkọ̀ bí atẹ́gùn bá le. Igi àwọn apẹja wà nínú omi, koríko ojú omi náà wà. Ẹni tó bá ń fojú kéré ọ̀sà nítorí pé òkun ló ń rò, kò tíì ṣe tán.

Atukọ̀_Fẹ̀yìntì

Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, inú ọkọ̀ akẹ́rù ni mo ti lo ọjọ́ ayé mi, lórí dẹ́ẹ̀kì. Gbogbo ìwé tí ẹ dárúkọ yẹn ni èmi náà ti kà, mo sì nífẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìwé kì í sábà sọ fún ẹni tó wà lórí ilẹ̀.

Slocum ti pé ẹni ọdún 51 nígbà tó kúrò ní Boston, ẹ lè fìyẹn ṣe orí ire. Ṣùgbọ́n láti ọ̀dọ́ ló ti wà lórí òkun, ó ti jẹ́ kápútéènì ọkọ̀ ńlá kó tó di pé iṣẹ́ ọkọ̀ ìgbòkun ṣá. Ọkọ̀ tó gùn ún, Spray, ògbólógbòó ọkọ̀ igi tí wọ́n ti pa tì sínú pápá ni. Òun fúnra rẹ̀ ló tún un kàn, oṣù 13 ló fi kàn án, owó tó ná lórí ohun èlò jẹ́ dọ́là 553 àti sẹ́ǹtì 62. Ọwọ́ rẹ̀ mọ gbogbo pákó inú ọkọ̀ náà. Síbẹ̀, nígbà tó tún gbéra lọ́dún 1909, ẹnikẹ́ni ò rí i mọ́. Kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ pàápàá.

Ẹ wá rántí Donald Crowhurst, tó wà nínú ìdíje 1968 tí ẹ sọ yẹn. Èmi ò lè sọ̀rọ̀ àlá òkun kí n má dárúkọ rẹ̀. Ó ti fi okòwò rẹ̀ àti ilé rẹ̀ dúró fún owó tó fi kan ọkọ̀. Ọkọ̀ náà ń jò, ó sì mọ̀ pé kò lè la òkun gúúsù já. Ó tijú àtipadà, gbèsè sì wà nílẹ̀, ó bá ń rìn káàkiri inú Àtìláńtíìkì, ó ń fi irọ́ ránṣẹ́ sílé nípa ibi tó dé. Wọ́n rí ọkọ̀ rẹ̀ lóṣù Keje ọdún 1969, kò sí èèyàn nínú rẹ̀. Knox-Johnston tó gba ẹ̀bùn £5,000 kó gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó àti àwọn ọmọ Crowhurst. Ìdí tí mo fi sọ èyí ni pé mo ti rí ẹni tó fẹ́ ta ilẹ̀ nítorí irú nǹkan báyìí. Ẹ má ta ilẹ̀. Ẹ má yá owó kọ́ọ̀pù. Ohunkóhun tí ẹ bá máa ṣe, ẹ ṣe é débi tí ẹ ṣì lè yí padà wálé láìsí ìtìjú.

Ní ti pé kí ẹ wá iṣẹ́ sórí ọkọ̀ akẹ́rù, ìyẹn ti kọjá. Àwọn ọ̀dọ́ ni ilé ẹ̀kọ́ atukọ̀ tó wà ní Oron ń gbà. Ọkọ̀ akẹ́rù pàápàá kì í ṣe ohun tí ẹ̀yin ń wá. Wákàtí mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́, mẹ́jọ ìsinmi, ẹ ó máa ha ìpẹtà irin, ẹ ó sì máa kun ọ̀dà.

Ìyá_Ẹlẹ́ja_Èpè

Tíṣà, ẹ jẹ́ kí obìnrin dá sí i. Ìyàwó yín ò lé ìwé yín síta, ìbéèrè ló béèrè, ó sì tọ́ sí èsì. Apẹja ni ọkọ mi. Ohun tó ń dun ìyàwó ẹni tó ń lọ sórí omi ni kó má mọ ibi tí ọkọ rẹ̀ wà, kó má mọ ìgbà tó máa dé. Bí ẹ bá sọ fún un pé, "Sátidé ni mo ń lọ, owó tí mo máa ná nìyí, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni mo ń padà," á ti mọ ohun tó ń gbà láyè. Òkun tí kò ní ọjọ́, tí kò ní iye owó, kò sí obìnrin tó lè fọwọ́ sí i.

Ẹ wá mú un dání. Ẹ mú un wá sí Èpè, kí ẹ jọ wá ra ẹja ní ọjà Olúwo, kí ẹ jọ wọ ọkọ̀ rìn díẹ̀ lórí ọ̀sà kí ó rí ohun tí ẹ̀ ń rí. Bóyá ó máa fẹ́ràn rẹ̀, bóyá kò ní fẹ́ràn rẹ̀. Èyí tó bá jẹ́, ẹ ó jọ mọ̀ ọ́n.

Ọmọ_Àgbádárìgì

Ẹ kú ọgbọ́n, màmá. Tíṣà, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìwé yín. Gbogbo ẹni tí ẹ dárúkọ, òkun ni wọ́n fi ṣeré ìgboyà. Àwa tí wọ́n bí sí Àgbádárìgì, tí à ń wo Gbẹ́rẹ̀fú ní òdìkejì omi, òkun tí wọ́n fi kó àwọn èèyàn wa lọ la kọ́kọ́ mọ̀. N kò ní kí ẹ má ka ti Slocum. Mo ní kí ẹ fi àwọn mìíràn tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ wo Àjàyí Crowther. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o ní Òsogùn, wọ́n tà á dé inú ọkọ̀ àwọn ará Potogí, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà lóṣù Kẹrin ọdún 1822, ó sì bá ara rẹ̀ ní Freetown. Ọmọ tí wọ́n gbé lọ lóǹdè yìí kan náà ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ọkọ̀ Pleiad ní 1854, tí wọ́n gòkè odò Ọya dé Bẹ́núè, tó sì kọ ìwé ìrìn-àjò náà lójoojúmọ́. Kuiníìnì tí wọ́n ń lò kò jẹ́ kí ẹyọ òyìnbó kan kú nínú ìrìn yẹn. Olaudah Equiano náà kọ ìwé tirẹ̀ ní 1789, àtukọ̀ gidi ni. Lọ́dún 1773 ó bá ọkọ̀ Racehorse lọ títí dé àárín òkun yìnyín lápá àríwá.

Bí ẹ bá sì ń wá ẹni dúdú tó yí ayé po nínú ọkọ̀ ìgbòkun, Bill Pinkney nìyẹn, ọmọ Chicago. Iṣẹ́ ìpara ojú ni ó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹni ọdún 54 ni nígbà tó kúrò ní Boston lọ́dún 1990, ó padà dé ní 1992, Cape of Good Hope ní ìsàlẹ̀ Áfíríkà àti Cape Horn ní ìsàlẹ̀ Amẹ́ríkà Gúúsù ló gbà kọjá. Àwọn ọmọ ilé ìwé ní Amẹ́ríkà ń tẹ̀ lé e láti kíláàsì wọn, wọ́n ń fi ìrìn rẹ̀ kọ́ ìṣirò àti jíógíráfì. Tíṣà, ẹ gbọ́ apá ibẹ̀ yẹn dáadáa!

Ní ti yàrá, ẹ yan ìwé tí ẹ ò lè ṣe aláìní sórí àpótí kan nínú yàrá yín, kí ẹ kó ìyókù lọ sí ilé ìwé yín. Ẹ fi sínú kọ́bọ́ọ̀dù oníkọ́kọ́rọ́, kí ẹ ní ìwé tí àwọn ọmọ ń kọ orúkọ sí bí wọ́n bá yá a. Ìwé Slocum wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀tọ́ oníwèé rẹ̀ ti parí tipẹ́, àwọn ọmọ lè kà á lórí fóònù.

Tíṣà_Ìkòròdú

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ọ̀rọ̀ Crowhurst yẹn, mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n n kò fi í wo ara mi rí. N kò ní ta ilẹ̀. Ti Pinkney yẹn dùn mọ́ mi gan-an, n kò ní ìwé rẹ̀ kankan.

Ìbéèrè kan rèé fún Atukọ̀: kí ni mo lè kọ́ nínú iṣẹ́ òkun gan-an láìtíì kúrò nílé?

Atukọ̀_Fẹ̀yìntì

Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ ibi tí ọkọ̀ wà. Iṣẹ́ yín ni, ẹ̀yin lẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní latitude.

Lóṣù Kẹta, ní nǹkan bí ọjọ́ 21, oòrùn wà lókè ìlà agbedeméjì ayé gangan. Ẹ ri ọ̀pá tó gùn ní mítà kan mọ́lẹ̀ nínú ọgbà ilé ìwé, kó dúró ṣánṣán, ẹ fi okùn olójé wò ó. Láti aago méjìlá ààbọ̀ ni kí àwọn ọmọ ti máa sàmì sí orí òjìji rẹ̀. Àmì tó bá kúrú jù ni ọ̀sán gangan, ní Ìkòròdú yóò bọ́ sí nǹkan bí ìṣẹ́jú méje sí aago kan, nítorí pé aago wa kò bá oòrùn wa dọ́gba. Òjìji náà á wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 11 sí 12. Ẹ fi ìṣirò trigonometry wá igun rẹ̀, á fún yín ní nǹkan bí 6.6°. Ibi tí Ìkòròdú wà nìyẹn. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ ní 60, ẹ ó mọ iye máìlì òkun tó wà láàárín yín àti ìlà agbedeméjì ayé, nǹkan bí 400. Ní ọjọ́ mìíràn nínú ọdún, ẹ gbọ́dọ̀ wo ìwé àtẹ oòrùn láti mọ ibi tó wà, kí ẹ yọ ọ́ tàbí kí ẹ rò ó mọ́ ọn. Ohun tí à ń fi sextant, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn igun oòrùn, ṣe lórí òkun lọ́sàn-án nìyẹn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ kankan fi ojú lásán wo oòrùn o, òjìji ni kí wọ́n wò.

Slocum ò mú aago òkun olówó ńlá dání. Aago tánńganran kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́ ló rà, wọ́n dín in kù sí dọ́là kan fún un.

Ìgbòkun_Èkó

Mo máa ń wa ọkọ̀ ìgbòkun kékeré ní Èkó fún ìdíje. Tíṣà, ọ̀nà wà tí kò ní kí ẹ ra ọkọ̀. Lagos Yacht Club ti wà láti 1932, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ibẹ̀ ní ọkọ̀ Lightning. Ẹsẹ̀ bàtà 19 ni gígùn rẹ̀, èèyàn mẹ́ta ló sì ń wà á. Ẹni tó ní ọkọ̀ nílò èèyàn méjì mìíràn ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ díje, ó sì máa ń ṣòro láti rí ẹni tó ń wá déédéé. Ẹ wá bi wọ́n pé ta ló ń wá ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́ nínú ọkọ̀. Ẹni tó ń dé lásìkò, tí kì í bínú bí wọ́n bá pariwo mọ́ ọn, kì í pẹ́ rí àyè.

Kí ẹ tó wá, ẹ kọ́ kókó okùn mẹ́rin tàbí márùn-ún nílé, pàápàá bowline, títí ọwọ́ yín á fi lè ta á nínú òkùnkùn. Ọkọ̀ kékeré á dojú dé mọ́ yín lọ́wọ́, apá kan ẹ̀kọ́ ni, wọ́n á kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń dá a dúró padà. Èmi gbà pé ọkọ̀ kékeré dára ju ọkọ̀ ńlá lọ fún ẹ̀kọ́. Bí ẹ bá ṣe nǹkan ségesège nínú rẹ̀, kíá ni yóò jẹ́ kí ẹ mọ̀.

Ọmọ_Ìkòròdú_Las_Palmas

Ẹ kú déédé ìwòyí. Las Palmas ni mo ń gbé, ní erékùṣù Canary ti Sípéènì, ní èbúté tí àwọn ọkọ̀ ìgbòkun ti ń gbéra lọ sí Caribbean lóṣù Kọkànlá, nígbà tí àsìkò ìjì ńlá ibẹ̀ bá ń parí. Nǹkan bí máìlì òkun 2,700 ni títí dé Saint Lucia, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí kó lé díẹ̀. Atẹ́gùn ìhà àríwá-ìlà-oòrùn ló máa ń tì wọ́n lẹ́yìn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ronú àtigbéra láti Èkó. Atẹ́gùn wa láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ló ń wá, ìṣàn omi òkun wa sì ń lọ sí ìlà-oòrùn, àwọn méjèèjì ni yóò máa dojú kọ ẹni tó bá fẹ́ gba ìwọ̀-oòrùn. Àwọn ọkọ̀ ìgbòkun àtijọ́ pàápàá, gúúsù ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbà láti ibẹ̀ kí wọ́n tó rí atẹ́gùn tó máa gbé wọn sọdá.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni Cape Verde. ECOWAS ni wọ́n, ọmọ Nàìjíríà lè wọ ibẹ̀ láìgba físà fún 90 ọjọ́. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó kúrò lọ́dọ̀ wa máa ń yà ní Mindelo láti gbé omi àti oúnjẹ, àwọn kan sì máa ń wá èèyàn kún èèyàn níbẹ̀. Láti ibẹ̀ dé Barbados jẹ́ nǹkan bí máìlì òkun 2,000. Ẹni tí wọ́n ń wá ni ẹni tó lè ṣọ́ ọkọ̀ lóru, tó lè se oúnjẹ nígbà tí ọkọ̀ ń mì, tó ti wà nínú ọkọ̀ ìgbòkun rí. Ẹ mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ Ìgbòkun_Èkó fi ṣe pàtàkì nìyẹn: ọdún méjì mẹ́ta nínú Lightning, lẹ́yìn náà kí ẹ máa wo Mindelo. Ìwé ìrìnnà tí ẹ máa fi wọ ìlú tó wà ní òdìkejì, ẹ ṣètò rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Ọ̀gá ọkọ̀ ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi bí ìwé èèyàn rẹ̀ kò bá pé, torí náà kò sí ẹni tó máa gbé yín láìrí i.

Tíṣà_Ìkòròdú

Cape Verde! Gbogbo àwọn ọdún tí mo ti ń wo máàpù, n kò rò ó rí. Ọlọ́run á san án fún yín.

Mo ti bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀ bí Ìyá_Ẹlẹ́ja ṣe wí, mo sọ ọjọ́, mo sọ iye owó. Ó ní òun á bá mi wá sí Èpè. Ní ti Cape Verde, ó ní kí àwọn ìbejì kọ́kọ́ parí ẹ̀kọ́ wọn. Mo gbà.

Fúnmi_SS3

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, obìnrin ni mí, Ìkòròdú náà ni mo wà. Ṣé wọ́n máa ń gba obìnrin nínú ọkọ̀ ìgbòkun? Bàbá mi ní iṣẹ́ ọkùnrin ni.

Ọmọ_Àgbádárìgì

Àbúrò mi, wọ́n máa ń gbà. Kirsten Neuschäfer, ọmọ South Africa, ló gba ipò kìíní nínú ìdíje Golden Globe tó parí lóṣù Kẹrin 2023. Òun nìkan ni obìnrin nínú àwọn tó díje, ọkọ̀ àtijọ́ àti sextant ni wọ́n fi ń rìn, ó tún yà lójú ọ̀nà lọ gba ẹnìkan tí ọkọ̀ rẹ̀ rì sínú òkun India. Laura Dekker dá nìkan parí ìrìn yí ayé po lóṣù Kìíní 2012, ọmọ ọdún 16 ni. Ẹ kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó di iṣẹ́, ẹ mójú tó ìṣirò àti fíṣíìsì nínú WAEC yín, Oron ń gba obìnrin.

Awakọ̀_Ìpakòdó

Tíṣà, mo ti bá àwọn oníyanrìn kan sọ̀rọ̀ fún yín. Sátidé, aago méje àárọ̀, létí omi ní Ìpakòdó. Ẹ má wọ bàtà onídè, ẹ má kó fóònù sápò ṣòkòtò. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ mú tiyín wá. Ẹ wo gbogbo okùn àti ìdè rẹ̀ nílé, ẹ wọ̀ ọ́, kí ìyàwó yín mú un léjìká fà á sókè. Bó bá yọ dé etí yín, ó ti tóbi jù.